Orí Odi Làwọn Kẹ̀kẹ́ Ń Gbà: Ìrìn Àjò Lẹ́bàá Odò Loire

Ètò tòní yóò gbé wa dé ilẹ̀ Faransé, orí kẹ̀kẹ́ ológeere la ó sì jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Loire, ohun kan wà tó yẹ kó rò kó tó di ẹrù rẹ̀: ṣé omi ni yóò bá lọ, àbí afẹ́fẹ́? Ìwọ̀-oòrùn ni omi ń ṣàn lọ, sí òkun Àtìláńtíìkì. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀, láti orí òkun yẹn ló ti máa ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, tí yóò dojú kọ ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá omi lọ, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbá a lójú. Ẹni tó bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń gòkè odò nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ á yára dáhùn pé omi làwọn yóò bá lọ, torí ta ni kì í fẹ́ dagẹ̀rẹ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Abúlé Cuffy, nítòsí ìlú Nevers, ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí odò Allier ti ń wọnú Loire. Ibẹ̀ kò fi 200 mítà ga ju òkun lọ. Téèyàn bá sì tọ odò láti ibẹ̀ dé etí òkun, ó lé ní 500 kìlómítà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nínú gbogbo ìyẹn kò tó ìdajì mítà nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ mọ afẹ́fẹ́ dáadáa. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ́ kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá lágbára lè ṣe bó ṣe wù ú.

Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ti mọ ìṣírò yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kẹ̀kẹ́. Loire ni odò tó gùn jù ní ilẹ̀ Faransé, ó lé ní 1,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Iyanrìn ló kún inú rẹ̀, iyanrìn náà kì í sì í dúró lójú kan. Òkìtì tó wà níhìn-ín lọ́dún yìí lè ti ṣí lọ tó bá di àmọ́dún. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ onísàlẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń kàn fún un. Lórí ọ̀pọ̀ odò Yúróòpù, ẹṣin tàbí èèyàn ló ń fi okùn fa ọkọ̀ gòkè láti etí bèbè. Lórí Loire, ìgbòkun ńlá kan ṣoṣo, onígun mẹ́rin, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi gbé ọkọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ gbé e bọ̀. Wọ́n á so ọkọ̀ bíi mélòó kan mọ́ra wọn, èyí tó ní ìgbòkun tó tóbi jù á ṣáájú, wọ́n á sì jọ máa gòkè. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ èbúté, wọ́n á wọ ilé ọtí, wọ́n á máa retí. Ìdúró náà lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Àwọn ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà tí kò ní í padà rárá. Igi páìnì ni wọ́n fi ń kàn wọ́n lápá òkè odò, wọ́n á di èédú inú ilẹ̀ kún inú wọn, wọ́n á jẹ́ kí omi gbé wọn lọ. Nígbà tí ẹrù bá dé ibi tó ń lọ, wọ́n á tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n á ta pákó rẹ̀. Àwọn oníṣòwò yẹn mọ iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ elérò oníná dé, èyí tí oru omi gbígbóná ń wà. Bọ́ílà àwọn kan nínú wọn bú gbàù, ẹ̀rù sì ba àwọn èrò. Ní nǹkan bí ọdún 1837 ni ilé-iṣẹ́ kan gbé ọkọ̀ tirẹ̀ jáde, tó sọ ọ́ ní Inexplosible, ìyẹn èyí tí kì í bú. Ẹ ò rí i pé ìpolówó ọjà ti pẹ́ láyé! Ṣùgbọ́n réluwè ló pa gbogbo wọn. Ojú irin dé Tours láti Orléans ní 1846, ó dé Nantes ní 1851, òwò orí omi sì kú. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìdákọ̀ró, aṣọ ìgbòkun àti irinṣẹ́ àwọn atukọ̀ náà, kó yà sí Châteauneuf-sur-Loire, níbi tí wọ́n ti ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọjá nítòsí rẹ̀.

La Loire à Vélo ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba àgbègbè méjì tí odò gbà kọjá fẹnu kò láti là á, ó sì tó 900 kìlómítà lónìí pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, láti Cuffy dé Saint-Brevin-les-Pins létí òkun. Ó tún jẹ́ apá kan ọ̀nà tó gùn jù ú lọ, EuroVelo 6, tó bẹ̀rẹ̀ létí Àtìláńtíìkì, tó la orílẹ̀-èdè mẹ́wàá kọjá, tó sì parí sí etí Òkun Dúdú ní Romania. Mo mọ̀ pé nígbà táwọn èèyàn bá gbọ́ Loire, ààfin àwọn ọba ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Ààfin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó pọ̀ bí eṣú: Blois, Chaumont, Amboise, Villandry, Langeais, Saumur. Chambord nìkan, tí ọba François Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1519, ògiri tó yí igbó ọdẹ rẹ̀ ká gùn tó 32 kìlómítà. Ọdún kan náà yẹn ni Leonardo da Vinci kú sí Amboise, níbi tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ ọba. Ẹ wo ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn. Bí ẹ bá ní kí ẹ wo gbogbo rẹ̀, ẹ ó kan máa to lórí ìlà ni, ẹ ò sì ní í mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ yín ń gùn lórí.

Ohun tó ń gùn lórí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró tì. Láàárín Sully àti Orléans, àti níbòmíràn púpọ̀, orí odi ni ọ̀nà náà gbà. Odi erùpẹ̀ àti òkúta ni, wọ́n mọ ọ́n sẹ́bàá odò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ọwọ́ kan yín á wà níbi omi, ọwọ́ kejì á wà níbi oko. Ẹ ó sì kíyè sí i láìpẹ́ pé oko náà rẹlẹ̀ ju ibi tí ẹ wà lọ dáadáa, pé òrùlé ilé àgbẹ̀ kan wà ní déédéé orúnkún yín. Níbi tí odi náà ti ga jù, ó tó mítà méje. Kì í ṣe nítorí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Nítorí kí omi má bàa gbé àgbẹ̀, màlúù àti àlìkámà lọ ni.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Henry Plantagenet, ẹni tó jẹ́ olórí agbègbè Anjou tó tún jọba Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé ẹni tó bá gbà láti kọ́lé sórí odi kí ó máa tún un ṣe, kò ní í lọ sógun mọ́. Àdéhùn tó dára nìyẹn fún ẹni tí kò fẹ́ kú sógun, tí kò sì bẹ̀rù omi. Lẹ́yìn rẹ̀, ọba dé, ọba lọ, wọ́n ń gbé odi náà ga sí i. Ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti wọlé. Odò tí wọ́n há sáàárín odi méjì kò ríbi tàn sí mọ́, kí ló kù fún un ju kó máa ga sókè? Bí omi bá ti gun odi, àwọn èèyàn á tún gbé odi ga. Bí odi bá ti ga, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á kọ́lé sísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1846, odò ya odi náà lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n tún un ṣe. Ní 1856, ó tún ya á. Wọ́n tún tún un ṣe. Ní 1866, ó ya á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹnjiníà ìjọba kan tó ń jẹ́ Comoy ló wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́: kò sí odi tí yóò ga tó. Ó ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé odi náà kúrú láwọn ibì kan, kí wọ́n fi òkúta tẹ́ ẹ, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́ dípò kó já odi lójijì lóru. Ẹ fi ara yín sípò àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ gé kúrú. Àwọn tó faramọ́ ọn kò pọ̀, díẹ̀ nínú ohun tó sọ ni wọ́n sì ṣe. Jargeau wà lára ibi tí ẹ ti lè rí irú rẹ̀. Ní Blois, irú ibi bẹ́ẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní La Bouillie. Bí ọdún ṣe ń lọ tí omi ńlá kò dé, ilé kún ojú ọ̀nà omi. Láyé òde òní, ìjọba ní láti ra ilé wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, wọ́n wó wọn, wọ́n sì ń sọ ibẹ̀ di pápá padà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé abúlé kan létí odò, ẹ má wulẹ̀ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, tí wọ́n kọ ọdún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́: 1846, 1856, 1866. Ẹ lọ dúró tì í kí ẹ wo ibi tó bá yín dé. Àwọn ibì kan wà tó ga ju orí ọkùnrin gíga lọ.

Omi tó ń ba oko jẹ́ yẹn náà ló ṣe oko. Ẹrọ̀fọ̀ àti iyanrìn tó ń kó wá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló sọ ẹ̀yìn odi di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ní agbègbè Orléans, ẹ ó kọjá lára oko tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn òdòdó àti igi fún títà. Ní Anjou, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ torí kóró rẹ̀ nìkan, kì í ṣe fún jíjẹ. Ní ìtòsí Nantes, orí iyanrìn ni wọ́n ti ń gbin líìkì àti ewébẹ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ mâche. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú mâche tí ilẹ̀ Faransé ń jẹ ti ń wá. Wọ́n sì ń gbin òdòdó funfun olóòórùn dídùn kan, muguet, tí gbogbo ará Faransé máa ń fún ara wọn lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Àgbẹ̀ tí òdòdó rẹ̀ bá tanná lọ́jọ́ kejì oṣù náà ti jẹ gbèsè.

Orí òkè ni àjàrà wà, kì í ṣe nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Sancerre, Vouvray, Chinon, Saumur, títí dé Muscadet nítòsí òkun, odò kan náà ló so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wáìnì wọn kò jọra. Ẹ tọ́ ọ wò bí ẹ bá ń mu ọtí, àmọ́ ẹ rántí pé òfin tó de ẹni tó mutí wakọ̀ níbẹ̀ de ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà. Ẹni tí kì í mutí, kó béèrè wàràkàṣì ewúrẹ́ Sainte-Maure. Ó gùn gbọọrọ, koríko gbígbẹ kan sì la àárín rẹ̀ já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹ yọ koríko náà kí ẹ tó gé e.

Láàárín Candes àti Saumur ni ojú ọ̀nà ti dára jù lójú tèmi. Òkúta ibẹ̀ funfun, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ayùn lè gé e. Tuffeau ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi kọ́ ààfin wọ̀nyẹn, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé e kiri. Ihò tí wọ́n ti wa òkúta náà kò ṣòfò. Àwọn kan ń gbé inú rẹ̀, àwọn kan ń tọ́jú wáìnì síbẹ̀, àwọn kan ń gbin olú nínú òkùnkùn rẹ̀ tó tutù yálà ooru ni tàbí ọ̀gìnnìtìn. Ní Souzay-Champigny, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wọ abẹ́ àpáta lọ, ó gba ẹnu ilé àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta kọjá, kó tó tún yọ síta. Ẹ tan iná kẹ̀kẹ́ yín níbẹ̀.

Candes yìí ni bíṣọ́ọ̀bù Martin ti Tours kú sí ní 397. Gregory, tó wá jẹ bíṣọ́ọ̀bù Tours lọ́jọ́ pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ló kọ ìtàn náà sílẹ̀: àwọn ará Poitiers ní òkú jẹ́ tiwọn, àwọn ará Tours ní tàwọn ni. Wọ́n jọ ń ṣọ́ òkú náà lóru, oorun sì gbé àwọn ará Poitiers lọ. Àwọn ará Tours gbé òkú gba ojú fèrèsé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di Tours. Orin ìyìn tí wọ́n ń kọ lórí omi ló jí àwọn tó sùn. Tours wà lápá òkè odò sí Candes, nítorí náà òkè odò ni wọ́n wa òkú náà lọ lóru ọjọ́ yẹn.

Ní ọdún 2000, UNESCO fi àfonífojì yìí, láti Sully dé Chalonnes, sára àwọn ogún tí gbogbo ayé ní. Kì í ṣe ààfin nìkan ni wọ́n kà; odi, èbúté, abúlé àti ọgbà àjàrà wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí èèyàn àti odò jọ ṣe. Ilé-iṣẹ́ iná núkílíà náà wà lẹ́bàá odò, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sórí káàdì ìrántí. Mẹ́rin ni wọ́n lórí Loire: Belleville, Dampierre, Saint-Laurent àti ti ìtòsí Chinon. Omi odò ni wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ wọn lára, funfun tí ẹ sì ń rí lókè ilé gogoro wọn, oru omi ni, kì í ṣe èéfín. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lè máa wò wọ́n níwájú fún ìgbà pípẹ́ kó tó bá wọn.

Ó ku Nantes, ọ̀rọ̀ Nantes sì kàn wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun ni èbúté òwò ẹrú tó tóbi jù ní ilẹ̀ Faransé. Ìrìn àjò tó lé ní 1,700 ni ọkọ̀ ẹrú rìn láti ibẹ̀. Àwọn oníṣòwò Faransé ní ilé olódi tiwọn ní Ouidah, ní etíkun tó di ilẹ̀ Benin lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn tí wọ́n kó gba etíkun yẹn kọjá, pàápàá ní ìdajì kejì ọ̀rúndún náà. Ní Saint-Domingue, tó di Haiti, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí dòní, ìran Nago wà nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Haiti, Ògún sì ni olórí níbẹ̀. Ogou ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ oko ìrèké ni wọ́n kó wọn lọ ṣe. Ṣúgà tó tinú ìrèké náà jáde padà sí Nantes nínú ọkọ̀ òkun. Ní Nantes, wọ́n já ẹrù náà sínú ọkọ̀ onísàlẹ̀ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn tí mo ní kó máa ti kẹ̀kẹ́ yín lẹ́yìn ló sì gbé e gòkè dé Orléans, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fọ̀ ọ́ di funfun. Orléans jìnnà sí òkun, síbẹ̀ owó ṣúgà kọ́ ilé ńláńlá níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé etí omi ní Quai de la Fosse ní Nantes, ẹ fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ yín. Láti 2012 ni ibi ìrántí òpin oko ẹrú ti wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ 2,000 àwo gíláàsì sílẹ̀ lórí ibi tí èèyàn ń gbà kọjá, orúkọ ọkọ̀ ẹrú ló wà lára èyí tó pọ̀ jù, orúkọ èbúté ló wà lára ìyókù. Abẹ́ ibẹ̀ ni ìrántí náà gan-an wà, ní déédéé omi. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí ọ̀nà yìí, èmi kò mọ èyí tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ n sáré mẹ́nu ba ohun tí ẹni tó fẹ́ lọ yóò nílò. Oṣù Karùn-ún, Ìkẹfà àti Ìkẹsàn-án ló dára jù. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ, èrò á pọ̀. Àádọ́ta kìlómítà lójúmọ́ ti tó, torí ilẹ̀ tẹ́jú, ohun tí ẹ ó sì máa dúró wò pọ̀. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ sàn ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú ọ̀nà láwọn ibì kan. Ẹ mú túùbù, páǹpù àti lẹ́ẹ̀ dání. Ilé ìsùn tó bá lẹ àmì Accueil Vélo mọ́ ara ògiri ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lè sùn láìséwu, wọ́n sì ní irinṣẹ́ àtúnṣe. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé akoto, òfin ni láti 2017. Ìsọ̀ abúlé máa ń tì láti ọ̀sán gangan títí di aago méjì, ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí kò bá ra oúnjẹ láàárọ̀ lè fi ebi wo ìlẹ̀kùn. Bí omi ìgò yín bá tán, ẹ lọ sí itẹ́ òkú abúlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rọ omi máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó, àwọn arìnrìn-àjò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà ka àkọlé tó wà lára rẹ̀ bóyá ó ṣeé mu.

Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú Loire. Ó dà bí ẹni pé kò jinlẹ̀, ó sì ń dán nínú oòrùn, ṣùgbọ́n iyanrìn abẹ́ rẹ̀ a máa yọ lábẹ́ ẹsẹ̀, ìṣàn omi ibẹ̀ sì lágbára. Bákan náà, ẹ má gun orí òkìtì iyanrìn àárín odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àwọn ẹyẹ omi ń yé ẹyin síbẹ̀, ẹyin náà jọ òkúta wẹ́wẹ́ débi pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ kí ẹ má mọ̀.

Láàárín Nantes àti òkun, odò ti fẹ̀ ju kí afárá pọ̀ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn, kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò sọdá láàárín Couëron àti Le Pellerin. Ní Saint-Brevin, egungun ejò onírin tó gùn tó 130 mítà wà nínú òkun. Huang Yong Ping, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló ṣe é ní 2012. Bí omi bá fà ni ẹ ó rí i tán, bí omi bá kún, díẹ̀ ni ẹ ó rí, nítorí náà ẹ béèrè àkókò tí omi ń fà kí ẹ tó lọ. Ní ti ìpadàbọ̀, ojú irin tó pa òwò àwọn atukọ̀ ló máa gbé yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń rìn láàárín Orléans àti etí òkun. Ẹ tètè dé ibùdókọ̀, nítorí gbogbo ẹni tí afẹ́fẹ́ bá ti gbá lójú fún ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń fẹ́ wọ ọkọ̀ kan náà.